Ewúrẹ́ Tó Kú Lórí Ìdúró

Ní Abẹ́-Òṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá gbẹ́ sínú àpáta òṣùpá, ewúrẹ́ kan kú lórí ìdúró. Ó ń jẹ koríko lọ́wọ́ ni ẹnu rẹ̀ dá. Ó pẹ́ kó tó wó, nítorí ara kì í wúwo níbẹ̀.

Dókítà Ìbídùn, tó ń ṣe ìwádìí ọkàn ẹran, la àyà rẹ̀. Ọkàn náà le, ó sún kì bí ẹ̀ṣẹ́ tí a dì. Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan nínú rẹ̀.

Níbi tí ara bá ti fúyẹ́, iṣẹ́ ọkàn a dín kù, iṣan rẹ̀ a sì rọ. Ìdí nìyí tí Ìbídùn fi ṣe amọ́kànle, ọ̀kan nínú àwọn èròjà kéékèèké tó para pọ̀ di amúaradàgbà. Bó bá ti wọ ara ẹran, iṣan ọkàn a máa fún pọ̀ gidigidi. Ewúrẹ́ tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Oyèlárán, ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbídùn, ló ń tọ́jú agbo ewúrẹ́ náà. Ọkàn tirẹ̀ náà ti rẹ̀. Ó ti bẹ Ìbídùn títí pé kó fún òun ní amọ́kànle.

"Ẹran la ṣe é fún, Bàbá. A ò tíì mọ ohun tó máa ṣe lára èèyàn."

"Ẹran wá sàn jù mí lọ?"

"Ẹ ní sùúrù."

"Ẹni tó ń mí hẹlẹ lò ń ní kó ní sùúrù."

Ìbídùn kò gbà.

Nísinsìnyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ náà yé e. Iṣan tó bá fún pọ̀ gbọ́dọ̀ tú, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí àyè wọlé. Bí amọ́kànle bá ti pọ̀ jù lára, fífún nìkan ló kù.

Oyèlárán wọlé, ìdì koríko méjì ní èjìká rẹ̀. Kò mí hẹlẹ rárá.

"Bàbá, kí lẹ lò?"

"N ò fọwọ́ kan oògùn rẹ." Ó sọ koríko kalẹ̀. "Wàrà àwọn ewúrẹ́ rẹ ni mò ń mu."

"Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tí o ti ní kí n ní sùúrù."

Ìbídùn fi etí lé àyà rẹ̀. Ọkàn náà ń lù kíkankíkan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ má rìn mọ́."

Oyèlárán wo ọkàn ewúrẹ́ lórí tábìlì. "Ṣé ohun tó lè tú u wà?"

"Kò tíì sí."

Ó jókòó.

"Lánàá, mo gun àtẹ̀gùn dé ojú fèrèsé òkè," ó ní. "Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo débẹ̀ kẹ́yìn. Mo rí ilé ayé. Ojúmọ́ ń mọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn."

Ìbídùn kò gbé etí kúrò láyà rẹ̀.