Ohùn Mẹ́ta Nínú Orin Ẹlẹ́ni Márùn-ún

Àwa márùn-ún ni a kọ orin náà, ṣùgbọ́n ohùn mẹ́ta ni mo gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú pálọ̀ mi ní Festac. Tèmilọlá, ọmọ mi tó ń ta ẹ̀rọ orin ní ọjà Trade Fair, ti so sípíkà tuntun méjì mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Ó fi ètò mẹ́ta tí a fi ń gbọ́ orin síbẹ̀, ó ní kí n yan èyí tí etí mi bá fẹ́. Orin tí mo fi dán wọn wò ni èyí tí a gbà sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1991, nígbà tí a wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Tèmilọlá ti dà á sórí kọ̀ǹpútà. Fọláyan, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní ilé kejì, wá bá mi gbọ́ ọ. Òun náà wà nínú àwa márùn-ún.

Ètò kìíní gbé ohùn wa márààrún jáde. Èkejì náà gbé e, ó tilẹ̀ mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta ló ṣe bí ẹni pé èmi àti Fọláyan kò sí níbẹ̀.

"Olúṣẹ̀yẹ tí ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò pa, Ọlọ́run ó fọ̀run kẹ́ ẹ, òun ni ẹ̀rọ yín rí gbé jáde!" ni Fọláyan wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ohùn tèmi dà?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì Fọláyan. Èyí gan-an ló dára jù. Kì í fi nǹkan kún orin, kì í sì í yọ nǹkan kúrò."

Mo kọ́ni ní fíísíìsì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. N kì í gba ìyanu gbọ́ kí n tó yẹ wáyà wò. Mo ní kí Tèmilọlá pààrọ̀ wáyà. A fi ètò náà gbọ́ orin mìíràn: ohùn kankan kò sọnù. A padà sí tiwa: ohùn mẹ́ta. Mo mú ìwé àti bírò, mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Gbọ́lágadé, ọkọ mi. Olúṣẹ̀yẹ. Rosaline, tí a sin ní oṣù tó kọjá.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Àwa méjì tó ṣì wà láyé ni ẹ̀rọ kò gbé jáde. Mo rọra da ìwé náà dojú bolẹ̀ lórí itan mi.

"Tún un gbé sí i," ni Fọláyan wí.

Mo ní, "Ó tó," ṣùgbọ́n Tèmilọlá ti tẹ̀ ẹ́. Ní ẹsẹ kejì, ohùn obìnrin kan yọ lábẹ́ ti Rosaline. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí.

Fọláyan pàtẹ́wọ́. "Ìyá Tèmi, èmi nìyẹn! Ẹ ò gbọ́ mi? Èyí ni kí ẹ mú, ẹ má wo òmíràn mọ́!"

Kí ni ǹ bá sọ fún un? Pé kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbóná, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lù déédéé lábẹ́ ìka mi. Kò sí ohun tí dókítà máa rí níbẹ̀. Mo rọra sọ fún Tèmilọlá pé, "Pa á."

"Ẹ má pa á o!" Fọláyan fẹ̀yìn ti àga, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá orin náà lọ. Mo tẹ̀ sún mọ́ ọn títí etí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè rẹ̀. Ètè náà ń mì, ọ̀fun rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń fẹ́ sí mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohùn rẹ̀ ń ti inú sípíkà jáde. Láti ẹnu rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan.