Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Kò Rẹ́rìn-ín

Wáyà kún orí ọkùnrin náà, ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó jókòó gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Káfíńtà ni. Ògiri làwọn ọ̀rẹ́ ń pè é, torí ẹnikẹ́ni ò rí eyín rẹ̀ rí àfi tó bá ń jẹun.

Ọmọbìnrin tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ ò rí irú ẹ̀ rí. Ó ń fi àwòrán hàn án: ọmọ ọwọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ejò, ajá tó dé fìlà. Lórí ẹ̀rọ, ìlà ọpọlọ ń fò sókè. Ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn fọnfọn. Àbí báwo ni nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú orí èèyàn, tí ojú ò mọ̀ sí i?

Àfi bí ìlà méjèèjì ṣe fò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo ojú káfíńtà, kò yí padà. Ó wo àwòrán. Yéè, òun fúnra rẹ̀ ni! Fọ́tò ara rẹ̀ tó fi dán ẹ̀rọ wò láàárọ̀ ló gbàgbé síbẹ̀.

"Ẹ má bínú, àṣìṣe ni."

"Mi ò bínú. Ṣé ẹ lè ṣe àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Tí Ògiri bá pè é ní "olólùfẹ́ mi," ojú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù ló fi ń pè é, ẹ̀rín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọbìnrin náà.

Ìyá ọmọbìnrin náà ni kò gbà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Bàbá rẹ náà kì í rẹ́rìn-ín sí mi, títí tó fi kó jáde."

"Màámi, mo ti rí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀."

"Ṣé ọpọlọ lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó dun ọmọ náà wọra. Kò lè lọ sílé ọkọ láìgba àdúrà ìyá rẹ̀, kò sì lè fi Ògiri sílẹ̀. Ó pè é wálé, ó ní kó jókòó ti ìyá òun.

"Màámi, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó kéré ni ojú ò fi rí i. Ẹ dijú, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ lé e."

Ìyá kọ́kọ́ ṣe ṣìọ̀, àmọ́ ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó dijú. Ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó sì gbé omi jáde.

Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyá, nǹkan kékeré kan ta. Ó tún ta.

"Ṣé ọmọ mi ti jáde ni?" ló bi í, kò lajú.

"Ó ti jáde, Mà," ni Ògiri wí.

Omijé bọ́ lójú ìyá. Kò gbọ́wọ́ kúrò.

"Kí lo dúró síbẹ̀ ń wò?" ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Wá jókòó ti ọkọ rẹ."