Àgbá Tó Ṣì Gbóná

“Jàmíátù, ṣé àgbá yẹn lo fẹ́ fẹ́ ni? Wọ́n ti ń tú ẹrù aṣọ ní ọjà Missèbo! Tá a bá pẹ́, àkísà ló máa kù.”

Ọpẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ mi, ló ń pè mí láti orí ọ̀kadà tí à ń pè ní zémíjàn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Akpakpa.

Iṣẹ́ wíwá nǹkan lábẹ́ òkun ni ẹ̀gbọ́n mi, Fòfó Àbídéènì, ń ṣe. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, iṣẹ́ náà la fi ń jẹun. Nínú àgbá afẹ́fẹ́ tó ń gbé sẹ́yìn ló ti ń mí lábẹ́ omi, èmi tí mo mọ ìṣirò ni mò ń ṣírò afẹ́fẹ́ náà. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo la ní tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú àgbá, kò sì ṣeé gbé wọ omi. Iye ìṣẹ́jú tí mo bá kọ ni Fòfó ń tẹ̀ lé.

Àgbá náà gba lítà méjìlá. Òṣùwọ̀n wà lórí igba. Igba lọ́nà méjìlá, egbèjìlá lítà. Ní ogún mítà nísàlẹ̀, ọgọ́ta lítà ni Fòfó ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sínú àgbá máa ń gbóná, ooru náà a sì gbé òṣùwọ̀n ga ju bó ṣe yẹ lọ. Òfin wa ni pé kó tutù kí n tó kà á. Mo fọwọ́ kan àgbá náà, mo yára fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo kọ ogójì, mo gun zémíjàn.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ lójú òkun, Fòfó bi mí pé, “Ṣé ó tutù kó o tó kà á?”

“Ó tutù, Fòfó.”

“Ọmọ ìyá mi! Màá lo márùndínlógójì nísàlẹ̀, màá fi márùn-ún tó kù gòkè.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sínú omi láti wá ìdákọ̀ró kan tó já.

Kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀, mo gbé òṣùwọ̀n lé àgbá kejì tí a fún pẹ̀lú ti Fòfó. Igba ni òun náà kà lánàá. Ó ti tutù báyìí, ó sì ti di àádọ́sàn-án. Mo tún un wò. Àádọ́sàn-án.

Ti Fòfó náà á ti wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbàá lé ogójì lítà péré ni Fòfó gbé lọ: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n ti kọjá.

Bàbá Mùílíù, ọlọ́kọ̀ wa, di okùn tí a so mọ́ Fòfó mú, ó ń jẹ obì. Tí mo bá sọ̀rọ̀, irọ́ mi á tú. Bóyá kò ní sí nǹkan kan. Odindi ìṣẹ́jú kan lọ báyìí nínú ìtìjú mi.

“Bàbá, ẹ fà á! Irọ́ ni mo pa! Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó!”

“Kí lo wí?”

“Ẹ fà á!”

A fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àmì pé kó gòkè. Fòfó kò dáhùn. A tún fà á. Omi dúdú, ó dákẹ́. Lójú ọkàn mi, mo rí aṣọ funfun tí a fi wé òkú bàbá wa.

Okùn mì.

Fòfó yọ lójijì, ó já rọ́bà tó fi ń mí kúrò lẹ́nu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò rí ìdákọ̀ró. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Bàbá Mùílíù wò mí. “Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tìrẹ ò pé ọjọ́ méjì.”

Fòfó kò lù mí. Ó kàn gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ mi, ó nà án sí Bàbá Mùílíù. “Ẹ máa bá mi kà á.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ìṣirò mi kò ṣì rárá. Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni irọ́, ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi ló sì fẹ́ bá a lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá fi nǹkan síkàáwọ́ yín, ẹ ṣe é dé òpin. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, kí ìtìjú tó di ọ̀fọ̀.