Ẹ̀jẹ̀ Tó Sùn Sínú Fírísà

Ó ti rẹ̀ mí, mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹsẹ̀ Sàúdátù ọmọ mi wú débi pé sálúbàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Dókítà ní Mowe ní òun ò lè fún un lóògùn àfi bí òun bá mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gún un títí kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ fà. Wọ́n ní ká gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sílé àyẹ̀wò ní Ifọ. Ilẹ̀ ti ṣú, la bá gbé e wálé ní Ibafo.

Kò síná. Sùwéébátù, aládùúgbò wa tó ń fi jẹnẹrétọ̀ dá yìnyín tà, ní, "Ẹ gbé e wá, Màmá. Ẹja tó bá wọ fírísà mi kì í rùn láyé."

Mo ṣàdúrà fún un.

Láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti le bí òkúta. Àbúbákr, ọkọ Sàúdátù, fi há abíyá títí ó fi yọ́.

Ní Ifọ, Ọ̀ṣuntókun, obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò, gbé e yẹ̀ wò. "Omi orí rẹ̀ pọ́n bíi sóbò! Níbo lèyí sùn?"

"Fíríìjì ni, mà," Àbúbákr sọ, ó ń ṣẹ́jú sí mi.

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Fírísà ni, láàárín ẹja."

Ọ̀ṣuntókun mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹja, jíjẹ lẹ fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀, ìbéèrè la fẹ́ bi í. Tó bá dì, inú rẹ̀ á bẹ́, ẹ̀rọ á ka ohun tí kò sí lára ọmọ yín. Oògùn tí wọ́n bá fi ìyẹn fún un lè pa á."

"Ẹ ò gbọ́ bí Sàúdátù ṣe ké lánàá ni," Àbúbákr ní.

"Ẹ lọ mú un wá. Èmi ni màá fà á."

Sàúdátù rí wa. Ó kàn ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun náà fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Oògùn tó yẹ ló ń lò báyìí.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá fún yín lẹ́jẹ̀ gbé, ẹ bi wọ́n níbi tí yóò sùn àti bó ṣe lè pẹ́ tó. Òmíràn ń fẹ́ fíríìjì, òmíràn ò gbọdọ̀ rí òtútù rárá, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ omi orí rẹ̀. Ẹ má dá a gbé sí fírísà. Bíná bá lọ, bó bá pẹ́ lọ́nà, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kódà bí wọ́n máa tún un fà.

Sàúdátù ṣì ń ráhùn abẹ́rẹ́ kejì yẹn. Kó máa ráhùn lọ. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.