Ẹyin Tó Ti Lójú

Ọ̀gbẹ́ni Pruett, àlejò tí mò ń mú kiri odò láti pẹja, ju ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dún gbàgà.

"Ọjọ́ mẹ́fà gbáko! Ẹja kan tí mo lè délé sọ ìtàn rẹ̀, mi ò rí! Ṣé odò ẹja lẹ mú mi wá ni, àbí ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀?"

Mo mú ọ̀pá náà, mo fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti ìdí dé orí bóyá ó ti sán. Kò sán. Mo tò ó sí àyè rẹ̀. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Dorn, tó ni ilé àlejò tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀.

"Akulina, ọ̀la ni ọkùnrin yìí ń lọ. Bí kò bá mú ẹja tíráòtì ńlá kó tó lọ, má wulẹ̀ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣe amọ̀nà pọ̀ ju ẹja lọ."

Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn amọ̀nà rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń di ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò. Èyí tó bá há sórí igi lọ́wọ́ àwọn àlejò ni mo máa ń já wálẹ̀, màá tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, màá sì tún un dì títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà ju ohunkóhun lọ.

Orí Kuicuar la wà lọ́jọ́ náà, odò kékeré tó ń ṣàn wọ inú odò ńlá abúlé wa. Bí ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ní oṣù keje, ẹja sámọ́nì pupa á ti inú òkun gòkè wá. Abo á fi ìrù gbẹ́ ihò sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, á yé sínú rẹ̀, á sì kó òkúta bò ó. Ibi tó bá gbẹ́ á funfun, òkúta yòókù á dúdú, á máa yọ̀. Tíráòtì, ẹja tí ilà pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dúró nísàlẹ̀ ibẹ̀, á máa he ẹyin tó bá bọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń so ìlẹ̀kẹ̀ kékeré sókè ìwọ̀: ẹja á rò pé ẹyin ni. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ti wọlé. Sámọ́nì pupa ti yé tán, wọ́n ti kú. Ẹyin kankan ò bọ́ mọ́, tíráòtì sì ti fọ́n ká.

Àwọn àgbà abúlé wa kò fẹ́ kí àlejò wọ Kuicuar rárá. Lójú tiwọn, ẹni tó mú ẹja tó tún jù ú padà sómi, oúnjẹ ló ń fi ṣeré. Yako, bàbá tó bí màmá mi, ló bẹ̀ wọ́n nítorí mi. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan òkúta funfun. Níwájú gbogbo wọn, Bàbá àgbà sọ pé, "Ọmọ mi wà láàárín àwọn amọ̀nà. Kò ní gbà."

Zakar, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ló ń wa ọkọ̀. Ó tẹ̀ sí etí mi.

"Àbúrò, ṣé ojú lo fẹ́ máa fi wò ó ni? Bọ́ sórí ibi funfun yẹn, kí o fi gìgísẹ̀ rú u díẹ̀. Ẹyin á jáde, ẹja á sì tẹ̀ lé e."

"Bàbá àgbà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé Bàbá àgbà ní ojú lábẹ́ omi ni? Gbogbo amọ̀nà ló ń ṣe é. Ṣe é jàre, ọ̀jọ̀gbọ́n! Àbí ṣọ́ọ̀bù lo ti fẹ́ lọ máa to páálí?"

Mo bọ́ sínú omi. Mo yí gìgísẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ abẹ́ bàtà mi ha òkúta, mo gbọ́ ọ nínú egungun ẹsẹ̀ mi. Mo tún un yí.

Kò pẹ́ tí òjìji gígùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò lé ara wọn nísàlẹ̀ wa. Ọ̀gbẹ́ni Pruett ju ìwọ̀, okùn le gbain, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí mo gbé tíráòtì náà sókè fún àwòrán, ó pọ ẹyin sí mi lọ́wọ́. Ẹyin tí ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ìwọ̀nyí ní àmì dúdú méjì méjì. Ojú ni. Ẹyin tó bá ti lo oṣù kan lábẹ́ òkúta ló máa ń lójú. Ẹja wà nínú rẹ̀, ó ku kó jáde.

"Amọ̀nà gidi rèé!" Ọ̀gbẹ́ni Pruett ń pariwo, ó ń yàwòrán.

Mo fọ ọwọ́ mi nínú omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bí a ṣe ń jáde sí odò ńlá, Bàbá àgbà wà nídìí àwọ̀n wọn, wọ́n ń mú sámọ́nì tó máa ń gbẹ̀yìn wá. Wọ́n juwọ́ kí a dúró. Tíráòtì kan há sí àwọ̀n, wọ́n sì ti là á. Wọ́n na ọwọ́ sí wa. Ẹyin tó kún ikùn ẹja náà ló wà níbẹ̀, àmì dúdú méjì méjì lára wọn.

"Ta ló gbẹ́ wọn jáde?"

"Béárì ni, Bàbá àgbà," Zakar yára dáhùn.

"Béárì ti wà lórí òkè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń jẹ èso. Mo ní ta ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Pruett kò mọ ohun tó ń lọ. Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn tayọ̀tayọ̀. "Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín! Ó kàn fẹsẹ̀ rú u báyìí, ẹja sì dé!"

Nínú àwòrán náà, mo gbé ẹja dání, orí òkúta funfun ni mo dúró sí.

Bàbá àgbà wò ó pẹ́. Iṣan ọrùn wọn yọ.

"Akulina, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún abúlé nítorí rẹ, ìwọ lo fi bàtà onírin tẹ̀ ẹ́. Kúrò níwájú mi kí n tó sọ ohun tí mi ò ní lè gbé mì! Ọ̀la, níwájú àwọn àgbà, ẹnu ara rẹ ni wàá fi sọ ọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Dorn wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Sọ fún wọn pé béárì ni. Bàbá àgbà rẹ á rojọ́ títí, á sú u. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá ní ọkọ̀ tìrẹ."

Mo ti lá àlá ọkọ̀ yẹn láti kékeré. Inú wá bí mi débi pé kànìnkànìn tí mò ń fi fọ ọkọ̀ ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ lé mi nítorí ẹja kan láàárọ̀ ló ń fi ọkọ̀ tà mí lọ́rẹ nítorí irọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ fi ọkọ̀ yín mọ́ra, ọ̀gá," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣe é. Èmi náà ni màá sọ ọ́."

Mo sì sọ ọ́. Gbọ̀ngàn abúlé kún, mo dúró, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi béárì kankan kún un. Wọ́n ti Kuicuar pa mọ́ gbogbo àlejò. Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tó tẹ̀ lé e. Màmá Olga, tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà, yíjú sí Bàbá àgbà.

"Yako, bí ọ̀rọ̀ odò bá tún délẹ̀, wàá jókòó gbọ́ ni. Wàá pa ẹnu rẹ mọ́."

Àádọ́ta ọdún ni Bàbá àgbà ti fi ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Wọ́n dìde, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n sì jáde.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ti Zakar kò bọ́, kò sì kí mi mọ́. Ó ní mo ba ọjà jẹ́. Bàbá àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà yìnyín. A jọ ń gé igi, a jọ ń mu tíì, ọ̀rọ̀ kò sí.

Nígbà tí yìnyín yọ́ ní oṣù karùn-ún, Bàbá àgbà kanlẹ̀kùn mi. "Wọ bàtà. Kì í ṣe onírin yẹn."

A fẹsẹ̀ rìn dé Kuicuar. A dùbúlẹ̀ létí odò, a ń wo inú omi. Ọmọ ẹja tín-ín-tìn-ìn-tín ń jáde láàárín òkúta, wọ́n ń dán bí abẹ́rẹ́ nínú oòrùn. Ibi funfun kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ibi kejì, bẹ́ẹ̀ náà. A dé ibi tí mo rú. Omi ń ṣàn kọjá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Wò ó dáadáa," ni Bàbá àgbà wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ ní odindi oṣù mẹ́jọ nìyẹn, àfi ti bàtà.

Mo wò ó. Mo ṣì ń bínú sí Ọ̀gá Dorn, mo ń bínú sí Zakar. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ta ló yí? Ẹni tó ní "gbogbo amọ̀nà ló ń ṣe é" kò bá mi gbé ẹsẹ̀, kò sì bá mi dúró nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ gbọ́ o: ohun tí o bá fi ẹsẹ̀ rú lókè odò nítorí pé ẹnikẹ́ni ò rí ọ, inú àwọ̀n àwọn èèyàn rẹ ni yóò ti yọjú nísàlẹ̀.