Iná Olómi Ọsàn Tí Kò Fẹ́ Kú

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò jí mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ́kọ́ rí Ẹnìkejì.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú ológun ṣeré lórí kọ̀ǹpútà, kálukú nílé tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ya ara wọn lójú ọ̀run, ìyẹn ni ẹgbẹ́ fi ń pè é ní Ẹnìkejì, tí wọ́n sì ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n wọn ò fojú kan ara wọn rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọ̀gá wà nílé? Mi ò gbóhùn wọn láti àná, bóyá wáyà wọn ló já."

Èmi ni mo sọ fún un. Wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn wa, ó sunkún bí ọmọ ìyá. Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti fà sí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń wá kí wa. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè nílé alájà púpọ̀ ló ń tún ṣe. Bó bá ti ṣíwọ́, ó di ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó yá, èmi nìkan ló ń wá kí. Màmá sì rí i.

"Ẹni tó ń fi ọkọ̀ tí kò kúrò nílẹ̀ jagun, ṣé òun lo fẹ́ fi ṣe àna mi?"

"Màmá, ó níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Mi ò fẹ́ gbúròó ọkọ̀ òfuurufú mọ́ nílé yìí. Káfíńtà ń bọ̀ ní Sátidé wá tú pákó yàrá ẹ̀yìn. Bí pákó bá ti jáde, kí ọ̀rẹ́ ẹ bá a lọ."

Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ibi ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ sí: pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, àga gíga, bọ́tìnnì lọ́tùn-ún lósì. Mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá pé kó jẹ́ kí Ẹnìkejì fi í fò níṣojú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, kó rí ohun tó fẹ́ wó.

Ó pòṣé. "Ẹ̀ẹ̀kan."

Ọ̀sán Jímọ̀ la tan iná sí i. Pupa, olómi ọsàn, gbogbo iná ìkìlọ̀ tàn yòò! Mo fà sẹ́yìn.

"Má fòyà, Tíṣà mi," ni Ẹnìkejì wí. "Ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́, ó yẹ kí wọ́n tàn."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ìró ẹ́ńjìnnì mú kí ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pàtẹ́wọ́. Ó wá ku ọ̀kan, olómi ọsàn: iná àga, àga tó ń ta awakọ̀ síta bí ewu bá dé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kú. Ó tún tàn.

"Wáyà ló já. Bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, olólùfẹ́ mi."

Ó rá wọ abẹ́ pákó. Ó fi mítà tó ń wọn iná yẹ wáyà wò: wáyà pé. Ó pààrọ̀ gílóòbù: iná ṣì ń wò wá. Ó fẹ́ jáde, ó forí gbá pákó. "Yéè!"

Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi lò ń fi rẹ́rìn-ín?"

"Màmá ní o kì í jagun gidi, o sì ti ń bá pákó jà!" Nígbà tí ẹ̀rín rọ̀, mo ní: "Ṣé ká fi bébà bò ó ni?"

"Rárá o. Ẹgbẹ́ wa kì í gbéra bí iná ìkìlọ̀ bá ń tàn. Iná tí a bò mọ́lẹ̀ kò tíì kú, ìfẹ́ mi."

A ò mọ̀ pé Màmá ti wọlé. "Kí lẹ̀ ń tú nínú ẹ̀ bí adìyẹ?"

"Iná àga ni, mà. Ó kọ̀, kò kú."

"Báwo ni yóò ṣe kú? Ẹ ò tíì ṣí àga."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga, ó tẹ irin kékeré kan wálẹ̀. Iná kú fin-ín.

"Àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹ ń wá wáyà! Bí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ti fẹ́ dìde níbẹ̀, á gbé irin yìí sókè. Á ní, 'Màmá, kó má lọ ta yín síta bí ẹ bá jókòó.'"

"Ẹ máa ń jókòó síbẹ̀ ni?" mo bi í.

Màmá fi ọwọ́ nu eruku orí àga náà.

Ẹnìkejì fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó wú. "Àga ìjẹun ni mò ń jókòó lé nílé tèmi, mà. Kò ní irin kankan."

"Àga ìjẹun!" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa, gbéra. Jẹ́ ká rí i."

Ilẹ̀ sáré sẹ́yìn, ìkùukùu ṣí sílẹ̀, mo pariwo ayọ̀. Màmá di èjìká mi mú. "Rọra o! Òkè ń bẹ níwájú!"

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò yí ojú kúrò lójú ọ̀run: "N ó sọ fún káfíńtà kó jókòó sílé rẹ̀. Kí àwọn òbí Ẹnìkejì wá ní Sátidé."

Ọkọ̀ fì, díẹ̀ ló kù kó forí sọ òkè.

"Àna mi, máa wo iwájú ẹ!"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dé lórí kọ̀ǹpútà láti ilé wọn, wọ́n tò sójú ọ̀run bí lékeléke, Ẹnìkejì sì bọ́ sáàárín wọn. Àlàfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn ńkọ́?" ni Màmá bi í. "Ta ni kò tíì dé?"

"Ààyè Ọ̀gá ni, mà."

Ó dẹ ọwọ́ díẹ̀ kí ìyẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ má baà wọ inú ààyè náà, gbogbo wọn sì fò bẹ́ẹ̀ lọ.