Láwàní Àlájì Gàrúbà

Ọjọ́ tí wọ́n ń kí Àlájì Gàrúbà káàbọ̀ láti Mẹ́kà, ní Àpòmù, lọ́dún 1996, ni Rùfáì, oní-fídíò tí wọ́n pè láti Ìkirè, kọ́kọ́ rí Sàfúrátù, ọmọ Àlájì. Omi ló gbé wá fún un.

"Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ má fi wá ṣe ẹlẹ́yà nínú fídíò yín o."

"Ta ló máa rí ojú yìí tó máa fi ṣe ẹlẹ́yà?"

Háà, ẹnu ọkùnrin! Sàfúrátù rẹ́rìn-ín kúrò níbẹ̀, ọkàn Rùfáì sì bá a lọ.

Wàhálà dé. Ọ̀nà méjì ni kámẹ́rà Rùfáì ń gbà ya àwòrán. Ọ̀kan ga, ó máa ń kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Èkejì fẹ̀ bíi ti sinimá, ṣùgbọ́n ó kúrú, ọ̀já dúdú á sì bo òkè àti ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó ga ló yẹ Àlájì, nítorí láwàní gogoro ló wé sórí. Àmọ́ Sàfúrátù jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń pín dàbínù fún àlejò. Rùfáì yan èyí tó fẹ̀, ó sún mọ́ wọn dáadáa, kò tilẹ̀ wo òkè.

Nígbà tó gbé kásẹ́ẹ̀tì dé, gbogbo ilé jókòó wò ó. Láwàní tí Àlájì fẹ́ kí ayé rí ti bá ọ̀já dúdú lọ. Iwájú orí ni Àlájì ti bẹ̀rẹ̀. Sàfúrátù ní tiẹ̀ pé pérépéré, títí dé orí ìborùn.

"Rùfáì, ta ni mo ní kí o yà?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ta wá lo yà?"

Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó lè di ẹ̀bi ru kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Èmi ni mo yan èyí tó fẹ̀, kí Sàfúrátù lè wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Àlájì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀?"

Sàfúrátù kúnlẹ̀. "Mo rí i pé èmi ni kámẹ́rà ń wò, Bàbá. N ò sì dìde níbẹ̀."

Àlájì wo àwọn méjèèjì títí. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Rùfáì, lọ pe àwọn bàbá rẹ wá," ló sọ níkẹyìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, oní-fídíò mìíràn ló wá. Rùfáì ọkọ ìyàwó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Èyí tó ga ni kí o fi ya Bàbá, jàre."

Àlájì ti gbọ́. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Níbo ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ wà? Èyí tó fẹ̀ ni kó lò."

Ó ṣí láwàní rẹ̀, ó gbé e lé orí itan, ó sì fà wọ́n mọ́ra, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.